Channel 41 láti àárọ̀ dalẹ́: ṣé tẹlifíṣọ̀n elédè Sípéènì ń ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, àbí ó ń dè wọ́n mọ́lẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Bronx ni mò ń gbé, ní New York níbí. Màmá kan tó wá láti Dominican Republic ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Wọ́n ti lo ju ogún ọdún lọ ní Amẹ́ríkà, àmọ́ "good morning" ni gbogbo Òyìnbó tí wọ́n gbọ́. Univision, tẹlifíṣọ̀n elédè Sípéènì tó wà lórí Channel 41, ni wọ́n ń wò láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ títí wọ́n á fi sùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ wọn obìnrin ń bá wọn jà. Ó ní tẹlifíṣọ̀n yẹn ló sọ ìyá òun di odi láàárín ìlú, pé òun á yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Èmi gbà pẹ̀lú ọmọ náà. Kí ló dé tí ìjọba Amẹ́ríkà fi fàyè gba odindi ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí kì í sọ Òyìnbó? Bó bá jẹ́ àwa Yorùbá ni, ṣé wọ́n á gbà fún wa?

* * *

Mi ò gbà pẹ̀lú ọmọ yẹn, mi ò sì gbà pẹ̀lú yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà nínú ilé ni mò ń ṣe, ó ti di ọdún kọkànlá. Mo lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ màmá kan, ọmọ Dominican Republic ni àwọn náà, nílé kan lẹ́bàá Jerome Avenue. Áńtẹ́nà pẹlẹbẹ kan tí kò nípọn ju páálí lọ ni wọ́n fi téèpù lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé. Bí ọkọ̀ ojú irin 4 bá ti ń kọjá lókè, àwòrán á fọ́ wẹ́wẹ́, ohùn á gé. Bó bá ti lọ tán, gbogbo rẹ̀ á padà bọ̀ sípò. Màmá ti mọ iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín ọkọ̀ kan sí èkejì. Bí wọ́n bá ń ka ìròyìn tó ká wọn lára, wọ́n á ti na ọwọ́ sókè kí ọkọ̀ tó dé, bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó dúró díẹ̀.

Ní oṣù Kẹta 2020, mo ṣe iṣẹ́ òru méjì léra wọn, mo dé ilé lọ́jọ́ Sunday, mo sùn bí ẹni tó kú. Ní àárọ̀ Monday mo wọṣọ fún ọmọ mi, mo fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwé. Géètì ti wà ní títì. Alẹ́ àná ni ìjọba New York ti kéde pé wọ́n ti gbogbo ilé ìwé pa nítorí kòrónà. Kò sí ibi tí mo lè gbé ọmọ sí, ni mo bá fà á wá sí ibi iṣẹ́, ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á fi ẹjọ́ mi sùn. Màmá ṣílẹ̀kùn, kò tilẹ̀ yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ti gbé búrẹ́dì àti tíì kòkó kalẹ̀ fún ọmọ náà lórí tábìlì. Channel 41 ló ti sọ fún wọn lálẹ́ àná, wọ́n sì ti rò ó pé mi ò ní rí ibi gbé ọmọ sí.

Èmi tí mo gbọ́ Òyìnbó ni mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn tí ẹ pè ní odi ló gbọ́.

* * *

Ẹni kan bi mí pé, "Ìyẹn dáa, àmọ́ ta ló fún wọn láṣẹ?"

Láísẹ́ǹsì tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ojú ọ̀nà lójú afẹ́fẹ́ ló ń fún wọn. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa sọ níbẹ̀. Raoul Cortez, ọmọ Mexico tó fi San Antonio ní Texas ṣe ilé, ti ní rédíò tirẹ̀ kó tó dá KCOR-TV sílẹ̀ ní 1955. Channel 41 ni tiyín ní New York, àbí? Channel 41 náà ni tirẹ̀ ní San Antonio. Ohun tó sì wà nídìí nọ́mbà ńlá yẹn ni pé tẹlifíṣọ̀n tó wọ́pọ̀ nígbà náà kì í gba nọ́mbà tó ju 13 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wo 41 ní láti ra ẹ̀rọ kékeré kan so mọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ti pín nọ́mbà kéékèèké mọ́ra wọn lọ́wọ́, àjẹkù ni wọ́n jù sílẹ̀ fún àwọn yòókù. KMEX ní Los Angeles bẹ̀rẹ̀ ní 1962 lórí Channel 34, òun náà jẹ nínú àjẹkù yẹn. Ọdún 1962 yẹn gan-an ni òfin jáde pé kí gbogbo tẹlifíṣọ̀n tuntun máa gba nọ́mbà ńlá pẹ̀lú, ó sì di 1964 kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Emilio Azcárraga Vidaurreta ló wà lẹ́yìn KMEX, bàbá olówó tó ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó wá di Televisa ní Mexico. Ó ní eré rẹpẹtẹ nílẹ̀ tí wọ́n ti ṣe tán, tí wọ́n ti pa owó rẹ̀ ní Mexico, ó wá ń rán an kọjá ẹnubodè. Òun àti René Anselmo ni wọ́n so àwọn ilé iṣẹ́ yẹn pọ̀ tí wọ́n ń pè é ní Spanish International Network. Àmọ́ òfin Amẹ́ríkà ti wà láti 1934 pé àjèjì kò gbọdọ̀ jọba lórí láísẹ́ǹsì tẹlifíṣọ̀n. Ní 1986, adájọ́ kan ní FCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ní ọwọ́ àwọn ará Mexico ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n ní láti tà á. Hallmark, àwọn tó ń ṣe káàdì ìkíni, ló rà á ní owó tó lé ní 300 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ sí Univision ní 1987.

Ẹ wò ó dáadáa: ìjọba gba ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, wọn ò fọwọ́ kan èdè rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún yéé sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èdè Sípéènì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bàálù dé Amẹ́ríkà lánàá. Àwọn tó ń sọ ọ́ ti wà ní Texas kí ilẹ̀ yẹn tó bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ Puerto Rico ti jẹ́ ọmọ onílùú láti 1917. Telemundo tí ẹ mọ̀ yẹn, ibẹ̀ gan-an ló ti ṣẹ̀ wá: ilé iṣẹ́ WKAQ tí Ángel Ramos dá sílẹ̀ ní San Juan ní 1954.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan ní Houston ní mò ń ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ àánú ni wọ́n ń ṣe, pé owó ni wọ́n ń wá. Wọn ò parọ́, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ torí ó ká mi lára.

Ní 2007, àwọn olówó kan kó ara jọ ra Univision ní bílíọ̀nù 13.7 dọ́là. Ìjọba ò tíì fọwọ́ sí i tán tí ẹ̀sùn kan fi jáde. Òfin ìgbà náà ní kí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan máa fi wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ṣe ètò tó ń kọ́ ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́. Univision mú eré Mexico kan tó dá lórí àwọn ìbejì obìnrin, ó kà á sí ẹ̀kọ́ ọmọdé. Mílíọ̀nù 24 dọ́là ni wọ́n san sápò ìjọba. Ọmọdé tí kò gbọ́ èdè mìíràn, tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ti lè rí ABD àti ìṣirò lójú tẹlifíṣọ̀n, òun ni wọ́n fi wákàtí rẹ̀ ṣòwò. Mi ò lè dárí èyí jì wọ́n.

Ìpolówó ọjà náà ńkọ́? Màmá gbọ́ ìpolówó ìpara orúnkún kan ní ọ̀sán, wọ́n pe nọ́mbà, wọ́n ka nọ́mbà káàdì wọn fún ẹni tó gbé e. Ìgò mẹ́ta dé. Oṣù kejì, ìgò mẹ́ta tún dé, owó sì tún lọ. Èmi ni mo fi ọ̀sẹ̀ méjì pe báńkì kí wọ́n tó dá a dúró. Àárẹ̀ orúnkún ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ "notario" náà o, ẹ bá mi sọ fún àwọn aládùúgbò yín. Ní ìlú wọn, agbẹjọ́rò gidi ni ẹni tó bá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni lè gba òǹtẹ̀ "notary" ní owó pọ́ọ́kú, kò mọ òfin kankan. Àwọn oníjìbìtì ń fi orúkọ yẹn gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń wá ìwé ìgbélùú. Ìròyìn alẹ́ ni Màmá ti gbọ́ ìkìlọ̀ yẹn tí wọ́n fi kọ̀ fún àbúrò wọn. Ẹ rí i pé iná kan náà ló ń se oúnjẹ, òun náà ló ń jó ni.

* * *

Ohun kan tún kù tí mo gbàgbé láti sọ fún ẹ̀gbọ́n Houston. Àwọn olówó ò dá wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1986, àwọn aláṣẹ Spanish International Network fẹ́ gbé Jacobo Zabludovsky wá láti Mexico láti jẹ́ ọ̀gá ìròyìn. Ohun tí ìjọba Mexico bá fẹ́ ni gbogbo ayé mọ̀ pé ó máa ń kà lórí Televisa. Gustavo Godoy tó jẹ́ ọ̀gá ìròyìn níbẹ̀ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn tẹ̀ lé e. Zabludovsky ò dé orí àga yẹn. Jorge Ramos, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti sá kúrò ní Televisa nígbà tí wọ́n ń gé ìròyìn rẹ̀ kúrú, ló wá di ẹni tó ń ka ìròyìn alẹ́ níbẹ̀. Ìparí 2024 ló tó kúrò. Àwọn ènìyàn tó fi iṣẹ́ oṣù wọn sílẹ̀ kí ìròyìn má baà bàjẹ́, ẹ má kà wọ́n mọ́ àwọn tó ń ta ìpara orúnkún.

* * *

Ẹni mẹ́ta ti kọ ọ́ báyìí pé, "Telemundo kọ́? Ẹkún àti ìfẹ́ lásán."

Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá, nílé wa ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìbàdàn, NTA ń gbé eré Mexico kan jáde. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, àgbàlá á pa lọ́lọ́. Ẹnu ń lọ síbì kan, ohùn Gẹ̀ẹ́sì ń lọ síbòmíràn, kò sí ẹni tó bìkítà. Láti 2013 tí Telemundo ti wà lórí DStv, orúkọ ilé iṣẹ́ náà ti di orúkọ irú eré yẹn. Bó jẹ́ ti Mexico, bó jẹ́ ti Colombia, ìyá mi á ní òun ń wo "Telemundo".

Àmọ́ eré nìkan ló dé ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì bò ó lóhùn. Ìròyìn aago mẹ́fà ààbọ̀ kò bá a wá. Agbẹjọ́rò tó ń dáhùn ìbéèrè àwọn aláìníwèé kò bá a wá. Ní 2007, Univision àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ ìpolongo "Ya es hora" ní Los Angeles, èyí túmọ̀ sí pé àkókò ti tó, kí ẹni tó bá ní káàdì ìgbélùú lọ gba ìwé ọmọ onílùú. Ìyẹn náà ò dé Ìbàdàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, àwọn tó ń dupò ààrẹ nínú ẹgbẹ́ Democrat lọ jókòó ní University of Miami kí Univision fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò ní èdè Sípéènì, ògbufọ̀ ń sọ ọ́ sétí wọn. Àwọn tó fẹ́ di ààrẹ Amẹ́ríkà ló lọ bá èdè náà nílé.

Eré náà kò sì burú tó bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Telenovela, bí wọ́n ṣe ń pe irú eré yìí, máa ń parí, kì í fa gùn fún ogún ọdún bíi ti àwọn Òyìnbó. Lọ́jọ́ tó bá máa parí, Màmá á se sancocho, ọbẹ̀ ẹran àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó nípọn, wọ́n á gbé àga méjì kún ti inú yàrá, àwọn obìnrin méjì tó wà lókè á sọ̀ kalẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú irin bá fẹ́ kọjá nígbà tí ọ̀rọ̀ ń gbóná, gbogbo wọn á pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

* * *

Àwọ̀. Ẹ ò tíì mẹ́nu kàn án, èmi á mẹ́nu kàn án.

Màmá dúdú bíi tèmi. Fún ọdún mẹ́rin tí mo fi bá wọn wo eré, ìyá ilé funfun, ọmọ ilé funfun, ọkọ ìyàwó funfun. Ẹni dúdú, ẹ máa rí i nídìí ìkòkò tàbí níbi tó ti ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀sùn tó wúwo jù tí mo ní sí àwọn ilé iṣẹ́ yìí nìyẹn, ó ju ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ní oṣù Kejìlá 2017, Ilia Calderón, ọmọ Chocó ní Colombia, bọ́ sórí àga ìròyìn alẹ́ Univision. Òun ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ nínú àwọn Latino, ìyẹn àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Latin America, tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kó tó dé ibẹ̀, lọ́dún yẹn náà, ó ti lọ fi ọ̀rọ̀ wá ọ̀gá àwọn Ku Klux Klan kan lẹ́nu wò nílé rẹ̀ ní North Carolina, ọkùnrin náà sì sọ fún un lójú kojú pé àwọn á jó wọn kúrò nílùú. Bí Calderón bá ti kí wọn kú alẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, Màmá á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn. Wọn ò ní sọ nǹkan kan. Mo rí i lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìgbà kan tún wà, ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, wọ́n ń fi àwọn ọmọ Cuba hàn ní Hialeah lẹ́bàá Miami, àbẹ́là lọ́wọ́ wọn, àwọn kan wọ aṣọ àlùkò. Mo gbọ́ "Babalú Ayé". Mo ju aṣọ tí mò ń ká sílẹ̀. Mo sọ fún Màmá pé orúkọ wa nìyẹn, Ọbalúayé, ilé wa ló ti lọ. Wọ́n wò mí, wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní kí n tún un pè. Mo pè é fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

* * *

Ẹni kan ní ká má da ara wa láàmú, pé àwọn ọmọ ọmọ wọn ò ní wò ó, á kú fúnra rẹ̀.

Ìbẹ̀rù yẹn wà lóòótọ́. Ìkànìyàn 2020 rí mílíọ̀nù 62.1 Latino ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Pew Research Center ní ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ń sọ èdè Sípéènì nílé ní 2000. Ní 2021 ó ti di 68. Univision rò pé òun á fi Gẹ̀ẹ́sì mú àwọn ọmọ náà, ó gbé ilé iṣẹ́ Fusion kalẹ̀ ní 2013 pẹ̀lú àwọn tẹlifíṣọ̀n ABC. Ní 2021 ó pa á dé. Azteca América, ilé iṣẹ́ elédè Sípéènì mìíràn, náà pa ilẹ̀kùn dé ní ìparí 2022. Ó wá di pé Televisa àti Univision da ara pọ̀ ní oṣù Kìíní 2022, wọ́n sì gbé ViX jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Ọmọ ọmọ Màmá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá wọn lóhùn ní gbogbo ìgbà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2018, Nàìjíríà àti Argentina ń gbá bọ́ọ̀lù ìdíje àgbáyé. Channel 47, ti Telemundo, la fi wò ó, ọ̀fẹ́ ni pẹ̀lú áńtẹ́nà. Messi jẹ wá ní góòlù, Victor Moses fi pẹnáritì dá a padà, mo jó. Ní ìṣẹ́jú 86, Rojo jẹ èkejì. Ọmọ yẹn fò sókè, ó na "gol" gùn bí onísọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ṣe nà án, kò mí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyá rẹ̀ àgbà, ó sì fi èdè Sípéènì ṣàlàyé bí góòlù náà ṣe wọlé fún wọn. Mo ń sunkún nítorí Nàìjíríà, Màmá ń sunkún nítorí ọmọ náà.

* * *

Ó yá, ẹni tó béèrè, mo padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ sọ fún ọmọ yẹn kó má yọ tẹlifíṣọ̀n ìyá rẹ̀. Bó bá fẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìkàwé ìjọba ní Bronx ń kọ́ àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́, kó mú wọn lọ, kó sì jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìdí tí wọn ò fi gbọ́ ọ ni pé wọ́n ń fọ ilé onílé fún ogún ọdún, kò sí ẹni tó bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo fi ọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, torí bẹ́ẹ̀ ló rí fún Màmá tèmi.

Ẹ ní ṣé wọ́n á gbà fún Yorùbá? Kò sí òfin tó dí wa lọ́wọ́. WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, KMEX kò tíì sí nígbà náà. A ò pọ̀ tó ní Amẹ́ríkà, a ò sì ní Azcárraga kankan tó ń kó eré ránṣẹ́ sí wa fún ọgbọ̀n ọdún. Ohun tó jẹ́ ká yàtọ̀ nìyẹn.

* * *

Mo rí ìdáhùn yín, pé ẹ fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lè máa jáde nísàlẹ̀ ohun tí màmá yẹn ń wò. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ ti kan ilẹ̀kùn wọn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń sáré nísàlẹ̀ àwòrán, Telemundo máa ń ní in fún àwọn eré alẹ́ kan, Univision náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí tirẹ̀ ní 2012. Bí rìmóòtù màmá aládùúgbò yín kò bá ní bọ́tìnì CC (èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà jáde), ẹ tẹ Menu, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Caption" sí, kí ẹ sì mú CC3, torí ti èdè Sípéènì ló máa ń wà ní CC1. Ẹ ṣe é kó tó di aago mẹ́jọ. Bí kò bá jáde, ẹ ya àwòrán ojú rìmóòtù náà síbí, mo máa ń wọlé lẹ́yìn iṣẹ́ ní aago mẹ́wàá.